Káàdì Agùntáṣọólò

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi bá ara wa tẹ káàdì. Agùntáṣọólò là ń pè é, torí kò sí ṣòkòtò tó kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Nílé iṣẹ́ ike wa, bí aago mẹ́rin bá ti lù, ìlà á ti gùn dé ẹnu ọ̀nà níwájú ẹ̀rọ tó ń tẹ àkókò sára káàdì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á bá èkejì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, a gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo tẹ tèmi, mo tẹ tirẹ̀, mo gba ilé lọ. Òun ṣì wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ike, ó ń yọ èyí tó há síbẹ̀. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà fà á wọlé.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ béèrè owó tí òfin ní kí wọ́n san fún opó, káàdì ni wọ́n fi hàn án. Wọ́n ní aago mẹ́rin lọkọ rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ohunkóhun tó padà wá ṣe, ara rẹ̀ ló ṣe é fún.

Mo dákẹ́. Ẹni tó bá tẹ káàdì oníkáàdì, lílé ni wọ́n ń lé e lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ mẹ́rin ló sì ń wo ọwọ́ mi. Ojo ni mí, kò ní orúkọ méjì. Mo wá ń sin obìnrin náà káàkiri ọ́fíìsì bí èèyàn gidi, mo ń bá a gbé fáìlì. Ní oṣù kẹta tó ta maṣínì ìránṣọ rẹ̀, èmi ni mo rù ú lọ fún ẹni tó rà á. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ló ń wí títí a fi débẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi.

Ní oṣù keje, wọ́n pè é fún ìgbà ìkẹyìn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá mú mi lọ ṣe ẹlẹ́rìí, ó ní ohun tó wà lára káàdì ni kí n sọ. Akọ̀wé ibẹ̀ bi mí bóyá mo rí Agùntáṣọólò nígbà tó ń lọ sílé. Obìnrin náà di fáìlì mọ́yà, ó ń wò mí.

"Kò lọ sílé," mo ní. "Èmi ni mo tẹ káàdì rẹ̀."

Ọ̀gá kò pariwo. Ó kàn nawọ́, mo fi káàdì tèmi lé e lọ́wọ́. Akọ̀wé kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní owó náà yóò jáde, ti àwọn ọmọ olóògbé pẹ̀lú. Mo rò pé obìnrin náà máa sunkún.

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn níta.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ náà, ìyàwó wa."

Ó wo orí mi fún ìgbà díẹ̀, ibi tí mo gbé ẹrù rẹ̀ lé.

"Ìwọ lo ru maṣínì mi lọ."

Mo nawọ́ kí n bá a gba fáìlì, bí mo ti máa ń ṣe. Ó gbé e sí apá kejì, ó sì sọ̀kalẹ̀.