Wọ́n Tún Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ṣe

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe aránṣọ náà níbi iṣẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ògiri wó lù ú, oṣù méje ló sì fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń wá lójoojúmọ́ bí ilé ìwé bá ti jáde, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa ka ìwé kan fún un, ìwé alápá mẹ́ta tó wúwo bíi bíríkì.

Nínú ìwé náà, àwọn ọmọ ogun kan tó ń sùn lábẹ́ ilẹ̀ ti jí oòrùn ìlú kan gbé. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti ń dún déédéé lórí wọn, wọ́n á jí, wọ́n á sì pa onítọ̀hún. Akọni méje lọ, kò séyìí tó padà. Ọmọbìnrin kan tó ń tiro ló wá gbéra. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jọ ti èèyàn létí wọn. Wọ́n rò pé omi ló ń kán láti ara àpáta. Bó ṣe rọra kọjá lórí wọn nìyẹn, tó gbé oòrùn bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á débẹ̀, àbúrò rẹ̀ ní kó tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un kà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ náà sọ fáwọn nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ dìde.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù. Ojú ẹsẹ̀ ló fi ibi tó ti ń ránṣọ sílẹ̀, ó lọ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì gbà á. Òun ló ṣe bàtà ọmọbìnrin náà. Ó mú àtẹ́lẹ̀ ti òsì nípọn, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀. Òṣèré tó fẹ́ ṣe ọmọbìnrin náà wá bá a ní yàrá ìránṣọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń rìn."

Àwọn tó ti fẹ́ bá Abẹ́rẹ́ tún ìrìn ṣe láyé pọ̀ jọjọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ ò tíì sí rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko làwọn méjèèjì fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá àwọn aránṣọ, tí wọ́n ń pè ní Màmá Aṣọ, gbé bàtà náà wọlé, ó sì gbé e ka orí tábìlì.

"Abẹ́rẹ́, bá mi tú àtẹ́lẹ̀ òsì yìí. Kó bá ọ̀tún dọ́gba."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Olùdarí fíìmù ní ọmọ náà ò ní tiro mọ́."

Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Báwo ló ṣe máa wá kọjá lórí àwọn ọmọ ogun?"

"Wọ́n ti fún un ní idà oníná."

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó dìde.

"Abẹ́rẹ́, jókòó," ni Màmá Aṣọ wí. "Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Àwọn ló ni fíìmù wọn."

Abẹ́rẹ́ ti wà lójú ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ya fíìmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ olùdarí, gbogbo èèyàn ti yíjú sí i.

Olùdarí kì í gbé ohùn sókè. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, èmi náà fẹ́ràn ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé lè lo oṣù kan nílé èèyàn. Wákàtí méjì ààbọ̀ péré lèmi ní. Bó bá ń tiro, gbogbo ìrìn rẹ̀ á máa fa fíìmù sẹ́yìn. Àwọn èèyàn ò sì ní fẹ́ máa wo…"

"Ẹ parí ẹ̀. Wọn ò ní fẹ́ máa wo kí ni?"

"Ẹ má bínú."

"Mò ń bínú! Ta ló ní kí n má bínú? Ẹ yọ ìyá arúgbó tó ń tu ọkọ̀ kúrò, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ìlú mẹ́ta di ọ̀kan, mo ní fíìmù ni, kò lè gba gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí gan-an ni ìtàn náà! Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ yọ ọ́ tán, kí ló kù? Arẹwà kan pẹ̀lú idà. Ṣé irú ẹ̀ ò tíì pọ̀ tó ni?"

Ó wo òṣèré náà bóyá á gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

"Ọwọ́ tèmi ò ní tú bàtà yẹn," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì jáde.

Màmá Aṣọ fúnra rẹ̀ ló tú u. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ bí òwú ṣe ń já bó ṣe ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti di ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe káàkiri ilé onílé, rọ̀ ọ́ títí pé kí wọ́n jọ lọ wò ó. "Bó o bá fẹ́ bú u, fojú ara rẹ rí i ná."

Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí afárá olókùn gbiná. Nínú ìwé, ìlà méjì péré ni. Nínú fíìmù, okùn ń já níkọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé sinimá pa rọ́rọ́, àfi ìgbà tí Abẹ́rẹ́ rí i pé òun ti di apá ẹ̀gbọ́n òun mú. Lẹ́yìn náà lọmọbìnrin náà sáré gba orí àwọn ọmọ ogun, gìrì gìrì, wọ́n jí, ó sì fi idà oníná gé wọn dànù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ dìde kí wọ́n tó tan iná.

"Afárá yẹn dáa ju ti inú ìwé lọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí níta.

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tójú ẹ ń pọ́n?"

"Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, Bọ̀ọ̀dá! Ká ní wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, ǹ bá gbójú fò ó. Ẹni tó lè ya okùn lásán tí àyà èèyàn fi ń já, ṣé ẹsẹ̀ èèyàn ni kò lè yà?"

"Fíìmù ni, àbúrò mi."

"Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi. Ẹ̀yin náà ló ń sọ pé fíìmù ni."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi gbé fóònù rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹni tó kọ ìwé náà wá sílé ìtàwé kan láti fọwọ́ sí ẹ̀dà tuntun fáwọn tó bá rà á. Òṣèré náà pẹ̀lú idà ló wà lára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbé ìwé tirẹ̀ dání, ó tò sórí ìlà. Arúgbó obìnrin ni òǹkọ̀wé náà. Kí Abẹ́rẹ́ tó dé iwájú tábìlì ni ìyá náà ti gbórí sókè, tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé wọ́n bi yín kí wọ́n tó tún ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ṣe?"

"Wọ́n bi mí. Mo gbà."

"Ẹ gbà?"

"Olùdarí mẹ́ta ló wá láàárín ọdún mọ́kànlá. Gbogbo wọn ló fẹ́ yọ ọ́. Mo lé àwọn méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹni kẹta dé, ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mo fẹ́ rí i kí n tó kú."

Abẹ́rẹ́ ti rò pé ṣe ni wọ́n rẹ́ ìyá yìí jẹ.

"Màmá, ìwé yín ló gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo dúpẹ́, títí láé ni n ó máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín."

"Ó yẹ kó bí ẹ," ni ìyá náà wí jẹ́jẹ́. Ó na bírò sí ìwé tó wà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ fà á sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jáde.

Ó lọ tààrà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rò ó fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbèjà ẹnikẹ́ni mọ́. "Mo fojú kéré ọ̀rọ̀ náà," ló wí. "Má bínú." Abẹ́rẹ́ dárí ji ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Aṣọ ilé ìwé ló ń rán báyìí. Lóṣù tó kọjá, Màmá Aṣọ pè é pé wọ́n ti ń múra apá kejì, pé olùdarí fúnra rẹ̀ ló béèrè rẹ̀, pé kó gbàgbé ohun tó ti kọjá.

"Ẹ wá aránṣọ míì," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Èmi ṣì ń bínú." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì fa kọ́là aṣọ tó kàn sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.