Èmi Tí Mo Dúró Nídìí Òpó

Ó ti lọ… Bọ́ọ̀lù dà? Mo rí ẹsẹ̀ Túnjí, ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó gbá a, mo rí i tó gbéra nílẹ̀, tó ń lọ sókè jẹ́jẹ́ — lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run gbé e mì. Funfun nínú funfun. Gbogbo pápá, èmi ni wọ́n ń wò báyìí.

Èmi Lùkúmọ̀n, tẹ́lọ̀ agbádá ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Ireland là ń gbá, àfọwọ́gbé-àfẹsẹ̀gbá, tíṣà òyìnbó kan ló fi sílẹ̀ fún wa kó tó relé. Bí bọ́ọ̀lù bá gba àárín òpó méjèèjì kọjá lókè, kí n gbé àsíá funfun sókè, àmì ayò kan nìyẹn. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí n na ọwọ́ méjèèjì. Ojú lásán niṣẹ́ náà fẹ́. Ojú! Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ alákàn tiwa yìí…

Ọ̀mì la ṣì ń ta pẹ̀lú àwọn ará Àbújá. Ẹni tó bá borí ló ń lọ ìdíje ní Accra. Ẹni tiwọn tó wà nídìí òpó kejì ti ní orí òpó tèmi ló gbà, èmi ni mo mọ̀. Èmi ni mo mọ̀! Túnjí náà sọ ọ́ lánàá: "Alàájì, bẹ́ ẹ bá ti wà ńbẹ̀, ọkàn wa balẹ̀." Tèmi ń já. Bí mo bá gbé àsíá, tó sì jẹ́ pé ìta ló gbà, olè ni mo jà. Bí mo bá ní n kò rí i… ta ló ń gbé aṣọ ìgbéyàwó fún tẹ́lọ̀ tí kò ríran?

Ó sì dùn o, ká má parọ́. Kùrukùru tó bo ojú mi yìí ń mú kí gbogbo èèyàn rẹwà. Àwọn ọmọ orí pápá dà bí aṣọ tí wọ́n sá, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wọn síhìn-ín, sọ́hùn-ún… Nígbà tí oṣù Ààwẹ̀ lé, gbogbo agboolé ń nàka sókè, "Òun nìyẹn! Ẹ wò ó!" Èmi náà nàka. Mo ní mo ti rí i. Kí ni mo rí? Ọ̀run gbalasa. Wọ́n ṣe àmín, mo ṣe àmín.

Rẹfirí ń bọ̀. Olúfúnkẹ́, lọ́yà ni ní Igbosere, kì í rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. "Alàájì, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ." Ohun tó wí fún mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo bá rí…

Kí ló gbé Hàlímọ̀ ìyàwó mi wá sí mi lọ́kàn? Abẹ́rẹ́. Láàárọ̀ yìí mo mú abẹ́rẹ́, òwú ti wà lójú ẹ̀. Lánàá náà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣe é sílẹ̀, àbí? — Èmi kẹ̀? Láti Iléyá, òwú wo ni mo rí tì bọ ojú abẹ́rẹ́? Abẹ́rẹ́ méje, ní ìdájí ìdájí, wọ́n á ti tò sórí tìmùtìmù tòun tòwú lójú wọn, funfun, aró, funfun…

Ó mọ̀. Hàlímọ̀ mọ̀. Obìnrin yìí ń jí ṣáájú mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún èmi gan-an. Mo ń fi ẹrù pamọ́ fún ẹni tó ti ń bá mi rù ú látọjọ́. Ojú ń tì mí. Inú mi sì ń dùn.

Ẹsẹ̀ Olúfúnkẹ́ rèé lórí koríko. Àsíá ti bọ́ lọ́wọ́ mi. "Mi ò rí i, lọ́yà. Mi ò rí i…" Ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ wúwo lẹ́nu.