Yàrá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Sátífíkéètì iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni Jovelyn ń wá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò sì ti ṣe ìdánwò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà ní ìlú Iloilo, ní orílẹ̀-èdè Philippines, ti ní àwọn yóò gbé e lọ sí ẹ̀ka ààbò bí ó bá yege. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò sanwó ìdánwò náà fún un. Bí ó bá kùnà, ìdí fóònù ni yóò padà sí, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí máa bú u lọ.

Olùṣọ́ ìdánwò kan tí kò fojú hàn ń wò ó láti inú kámẹ́rà. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọlé, òun náà kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí gbójú kúrò. Ilẹ̀kùn yàrá kò ní kọ́kọ́rọ́, nítorí náà Rodel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síta láti ṣọ́ ọ.

Ìyá ìyá wọn, Lola Pacing, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé; Lola ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Òun ló ni ilé. Rodel rọra ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí màmá fẹ́ kọjá, ó yà fún un. Rodel gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ta ni yóò ní kí àgbà dúró síta nínú ilé ara rẹ̀?

Màmá na ọwọ́ sí Jovelyn kí ó gbé e kan iwájú orí, bí gbogbo ọmọ ṣe ń kí àgbà ní ilẹ̀ wọn. Jovelyn kò mira. Ọwọ́ náà dúró bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà sì rí i.

"Ọwọ́ ta nìyẹn?" ni olùṣọ́ béèrè. "Yí kámẹ́rà káàkiri yàrá."

Jovelyn yí i káàkiri. Màmá béèrè pé ọmọ ta ló ń sọ̀rọ̀ láìkí èèyàn.

"Ní kó jáde," ni olùṣọ́ wí. "Má sọ nǹkan míì fún un."

"Lola, ẹ jáde."

"Ṣé èmi lò ń bá wí?"

Jovelyn kọjú sí kámẹ́rà. Màmá ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó jáde.

Olùṣọ́ ní òun ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún wọlé, ìdánwò parí nìyẹn. Níta, màmá ń bá Rodel jà, ó ń pè é ní ọ̀lẹ tó sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá. Jovelyn ń gbàdúrà kí kámẹ́rà má gbọ́ ọ.

Ìbéèrè tó kàn sọ pé ọ̀gá kan tí o mọ̀ dáadáa gbé ẹrù dání, ó ní kí o di ilẹ̀kùn tí a ń fi káàdì ṣí mú fún òun. Kí ni wàá ṣe? Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, ìgbà gbogbo ni Jovelyn ń kùnà ìbéèrè yìí, nítorí pé ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá. Lọ́tẹ̀ yìí ó mú ìdáhùn tó ní kí ọ̀gá dúró, kó fi káàdì tirẹ̀ wọlé.

Ó yege.

Ó sáré lọ sí ilé ìdáná. Màmá ń ha ìpẹ́ ẹja. Jovelyn kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ láti gba ọwọ́ rẹ̀, kí ó lè gbé e kan iwájú orí. Màmá kò gbójú sókè.

"Jáde. Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Jovelyn jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì dúró síta de ìgbà tí màmá yóò pè é.