Gbọ̀ngàn Tó Kẹ́yìn sí Tírélà

Ẹ ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ jáde: ọkùnrin tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú ilé ní lẹ́tà tó ga ju géètì lọ, kì í ṣe tìtorí àlejò nìkan ló ṣe kọ́ ilé náà. Mìkáílù Àlàmú yóò bá yín jà bó bá gbọ́ èyí. Yóò ní tìtorí àwọn awakọ̀ ni. Yóò ní òun náà wa tírélà títí irun orí òun fi pá, ta ló wá mọ ohun tí dírẹ́bà ń fẹ́ ju dírẹ́bà lọ? Òótọ́ ni, ó wà á. Kìkì pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti sọ̀kalẹ̀.

Ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ibùdó rẹ̀ wà, nígbà tó bá ku díẹ̀ kéèyàn wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó lè kọ́ ọ, ó ta tírélà tó kù ú kù, èyí tó kọ “Ẹ Wò Mí Dáadáa” sí nídìí ní àwọ̀ pupa àti yẹ́lò. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ń wò ó títí ó fi yí kọ́nà. Ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

Kí n má purọ́, ibùdó náà dára. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ débi pé tírélà lè yí padà níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pariwo “máa bọ̀, máa bọ̀, dúró!” Omi ń yọ nínú balùwẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ ní táìlì tí ọ̀pọ̀ ilé ìgbéyàwó kò ní. Ibi ìkírun wà, ibi tí mẹkáníìkì ti lè wọ abẹ́ mọ́tò wà, kámẹ́rà sì wà lórí òpó káàkiri. Gbọ̀ngàn ìjẹun ló wá wà láàárín, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣàn àti àga tó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Gbogbo iwájú gbọ̀ngàn náà, tó kọjú sí títì, gíláàsì ni. Ẹ̀yìn rẹ̀, tó kọjú sí àgbàlá tí àwọn tírélà ń dúró sí, ògiri gbọnrangandan tí kò ní fèrèsé kankan ni. Lára ògiri yẹn, nínú, ni wọ́n ya àwòrán Mìkáílù sí láti ìsàlẹ̀ dé òkè àjà, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó fi ọwọ́ kan di sítíárì mú, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá ń jẹun.

Ọmọbìnrin tó ya àwòrán ilé náà, Olúwatómisìn, ọmọ díákónì Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò yà á bẹ́ẹ̀. Apá àgbàlá ló fi gíláàsì sí. Mìkáílù wo ìwé náà títí, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un lórí tábìlì, ó sì yí i po.

“Iwájú ilé kì í kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ mi.”

“Bàbá, ibẹ̀ ni àwọn mọ́tò máa wà.”

“Ta ló ń wo mọ́tò? Àwa ni kí wọ́n máa wò. Kí ẹni tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ti máa rí wa látòkèèrè.”

“Ó dáa, sà,” ni Tómisìn wí, bí àwọn ọmọ tó mọ̀wé ṣe máa ń wí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sú wọn.

Wọ́n ṣí ibùdó náà, àwọn tírélà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Inú Mìkáílù dùn. Wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń kírun, wọ́n ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń kí i: “Alága, ẹ kú iṣẹ́! Ọlọ́run á bá wa dá yín sí!” Alága kí ni? Kò sẹ́ni tó béèrè. Nígbà tí wọ́n bá wá múra tán, tí ìyẹ̀fun ara ṣì funfun lọ́rùn wọn, wọn yóò gun mọ́tò, wọn yóò jáde ní géètì, wọn yóò sì lọ dúró ní òdìkejì títì, lọ́dọ̀ Hajarat.

Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n bí Hajarat sí. Ẹnikẹ́ni tó bá wa ọkọ̀ gba ọ̀nà yẹn láyé ìgbà tí ara tírélà ṣì jẹ́ pákó, tí fèrè rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ń kọrin àárọ̀, ti mu tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà tuntun mú àwọn tírélà kúrò láàárín ìgboro, Hajarat di ìkòkò rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Òpó mẹ́rin àti páànù ni ilé tíì rẹ̀. Bẹ́ńṣì rẹ̀ gbogbo kọjú sí ibì kan náà, sí ibi tí àwọn mọ́tò tò sí. Òun fúnra rẹ̀ kẹ́yìn sí títì níbi tó ti ń dín ẹyin. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló dé tí kò kọjú sí ọ̀nà bí ọlọ́jà yòókù.

Mìkáílù kọ́kọ́ sọ pé oúnjẹ ni. Ó lé ẹni tó ń se é, ó gba ẹlòmíràn. Ó tún ní bóyá ooru ni, ó sì mú kí gbọ̀ngàn náà tutù débi pé dírẹ́bà kan jáde tó ń fọwọ́ ra apá, tó ní òun rò pé Ìbàdàn ni òun ń lọ, òun ò mọ̀ pé òun ti dé Jọ́ọ̀sì. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí tẹlifíṣàn. Àwọn tó wọlé wá wò ó ń jókòó sétí àga bí ẹni tó jókòó lórí ìjàlọ. Bí wọ́n bá wò ó díẹ̀, wọ́n á jáde, wọ́n á yí ẹ̀yìn ilé ká, wọ́n á tún padà wọlé. Kó tó di ìdajì eré, wọn ò ní padà mọ́.

“Ayé ti bàjẹ́,” ni Mìkáílù wí. “Àwọn dírẹ́bà ìsinsìnyí ò mọ ìgbádùn.”

Ọ̀rọ̀ náà ìbá mọ bẹ́ẹ̀ bí kò bá ṣe ti ilé iṣẹ́ kan tó ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà wá láti òkè Ọya. Wọ́n ń wá ibi kan ṣoṣo tí gbogbo tírélà wọn yóò ti máa sinmi, ọ̀gá wọn sì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Kò béèrè táìlì, kò béèrè kámẹ́rà. Ó ní òun kàn fẹ́ wo ibi tí àwọn awakọ̀ ń jókòó sí. Bó bá bá gbọ̀ngàn náà lófo, ibòmíràn ló kàn, Mìkáílù yóò sì ti ilẹ̀kùn pa, nítorí owó àwọn tó ń wẹ̀ kò lè bọ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Tírélà ti lọ, ibùdó náà á tún lọ, orúkọ nìkan ni yóò kù lẹ́bàá títì.

Bó ṣe di pé lọ́jọ́ Túsìdeé ó lọ bá Mashood nìyẹn. Mashood ni olórí àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Ṣáájú ìyẹn, abẹ́ Mìkáílù ló ti kọ́ṣẹ́. Ìbú títì kan péré ló wà láàárín géètì Mìkáílù àti bẹ́ńṣì Hajarat, jíìpù ni Alága sì gbé lọ síbẹ̀. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpò èédú, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún agbádá ṣe.

“Dírẹ́bà!” ni Hajarat fi pàdé rẹ̀. Òun nìkan ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Àlájà, Alága ni wọ́n ń pè mí báyìí o.”

“Alága á mu tíì àbí kò ní í mu?”

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mìkáílù wo àwọn bẹ́ńṣì, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó mú àpótí kan, ó gbé e sí ibi tí yóò ti kọjú sí òdìkejì títì, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń dán nínú oòrùn. Jíìpù wà lápá ọ̀tún rẹ̀.

“Ọ̀gá mi, ẹ káàsán sà,” ni Mashood wí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

“Mashood, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ wẹ̀ nílé mi, ẹ tọ̀ nílé mi, ẹ wá ń jẹun nílé ẹlòmíràn.”

“Ọ̀gá, balùwẹ̀ yín, kò sírú rẹ̀ láti ibí dé Sókótó. Mo máa ń ṣàdúrà fún yín níbẹ̀.”

“Má ṣàdúrà fún mi nínú balùwẹ̀! Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í jókòó?”

Mashood ro tíì rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ti yọ́ tipẹ́. “A kì í rí mọ́tò wa láti inú ibẹ̀, sà.”

“Kámẹ́rà ń wò ó!”

“Kámẹ́rà ń wò ó. Èmi ni mi ò rí i.”

“Kí lo fẹ́ rí lára rẹ̀? Ṣé ìyàwó ni?”

“Ìyàwó ṣeé fi sílé kéèyàn sùn, Alága,” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Mìkáílù alára rẹ́rìn-ín. Tíì náà gbóná, ó kún fún mílíìkì, òórùn èédú àti dísẹ̀lì sì wà nínú atẹ́gùn bíi ti àtijọ́. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó ní nígbà tiwọn, ó yẹ kí ẹ̀rù máa bani. Ó ní wọn ò rántí ìgbà tí àwọn ń sùn lábẹ́ mọ́tò ní Sábó, tí òun fi okùn so tayà sípíà mọ́ ẹsẹ̀ òun, pé bí olè bá fà á, òun á jí.

“Èmi náà so tèmi mọ́ ọn,” ni Mashood wí.

“A sùn o! Ìgbà tílẹ̀ mọ́, mo dìde, Mashood pariwo. Mashood dìde, èmi náà ṣubú. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n so mọ́ tirẹ̀! Tayà ti lọ.”

“Ọ̀bẹ àlùbọ́sà mi ni mo fi gé okùn yẹn,” ni Hajarat wí, láìwẹ̀yìn. “Olè yẹn mọ okùn so ju ẹ̀yin méjèèjì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí bẹ́ńṣì mi padà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí Mìkáílù fi nu ojú. Eruku kọ́ o.

“Ọ̀gá,” ni Mashood rọra wí, “ẹ kàn dá fèrèsé sí ògiri ẹ̀yìn yẹn. Ó tán. A ó máa jẹun níbẹ̀ títí láé.”

“Ògiri tí àwòrán mi wà?”

“Kí wọ́n gé e lápá ibi etí.”

“Etí ta ni?”

Mashood tún ro tíì rẹ̀ pọ̀.

“Kò ṣeé ṣe,” ni Mìkáílù wí. “Ẹ ṣáà wá jókòó fún mi lọ́jọ́bọ̀.”

“Nítorí yín, a máa wá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa náà wa tírélà rí, sà. Ojú wa ló máa wò.”

Tírélà kan yà kúrò ní títì, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Mìkáílù mọ ohùn ìnjìnnì rẹ̀ kó tó rí i. Ó rọra rá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èédú, ó dúró, ìdí rẹ̀ sì kọjú sí wọn. Àwọ̀ pupa ti ṣí, yẹ́lò ló kù: Ẹ Wò Mí Dáadáa. Ọmọkùnrin tó wà á sọ̀kalẹ̀, ó kí gbogbo wọn, ó jókòó síbi tó ti ń rí i. Tírélà náà ti bo jíìpù mọ́lẹ̀ pátápátá.

Mìkáílù wúkọ́ díẹ̀. “Ìbẹ̀rù lásán ló ń yọ yín lẹ́nu,” ni ó ń wí. “Mọ́tò tó bá wà níbi tó dáa, kò sídìí kankan tí ẹni tó ni ín fi ní láti máa…”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀, tó kó agbádá jọ, tó kọjá lórí ẹsẹ̀ Mashood, tó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì tó jìnnà jù lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì, ó mu ún. Hajarat da ẹyin mìíràn sínú epo.

Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Jíìpù rẹ̀ ló ń wò.