Páànù tí Àna Mi Fi Bò Mí

Ọmọ ni mo wá wẹ̀ ní Port Harcourt. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìyá àgbà bíi tèmi ń wá nílùú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, èsì tí mo ní nìyẹn. Rẹ̀mí, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ránṣẹ́ sí mi ní Ìkirè pé báǹkì ti gbé ọkọ òun wá síbí, pé ìkúnlẹ̀ òun ti dé tán, kí n máa bọ̀. Mo di kànìnkànìn, mo di òrí, mo di ọṣẹ dúdú, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Ohun tí ojú mi rí lórí òkun, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo dé, wọ́n bí ọmọ, mo wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà kú lọ́jọ́ kejì. Ibà gbé ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ọṣẹ tí mo gbé wá ṣì kù rẹpẹtẹ.

Bọ́lárìnwá, ọkọ Rẹ̀mí, kò lé mi. Ta ni yóò lé ìyá ìyàwó rẹ̀? Èmi náà kò sì lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ìkirè? Kí wọ́n máa yọjú lójú fèrèsé pé ìyá olọ́mọ ti dé, ọmọ dà? Mo bá jókòó sínú ilé náà ní Mile 3, ilé oníyàrá mẹ́rin tí àwọn tó ni ín ti sá lọ nígbà ogun, àwa méjì péré la wà nínú rẹ̀, a ò sì mọ ohun tí a ó bá ara wa sọ.

Orúkọ gan-an di ìṣòro. Nígbà ìgbéyàwó, Ọkọ Rẹ̀mí ni mo ń pè é. Nígbà tí oyún dúró, mo ti sáré fún un ní Bàbá Ìkókó, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, èwo ni kí n pè níbẹ̀? Àna nìkan ló ṣẹ́ kù. Láràárọ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo dúpẹ́, Àna."

Ó lọ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́, "Ẹ kú ilé, Mà." "Káàbọ̀, Àna." Yóò jẹun, yóò wọlé, yóò tilẹ̀kùn. Láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, Ibiere aládùúgbò wa, obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ, nìkan ló máa ń yọrí wò mí. "Mama, you don chop?" Yẹ́ẹ̀sì ni mo máa ń dá a lóhùn, ebi ì báà máa pa mí. Yẹ́ẹ̀sì yẹn nìkan ni mo gbọ́ nínú èdè wọn. Mo máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Mo máa ń bú ìgbálẹ̀. Èèyàn tó bá ti ń bú ìgbálẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti dá wà jù.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń dúró dè. Ní Ọjọ́ Àìkú, àna mi á gbé mi sórí alùpùpù rẹ̀, a ó lọ sí Borokiri, níbi tí wọ́n sin Rẹ̀mí sí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, inú yàrá ni wọ́n fi mí sí, Ibiere jókòó tì mí. Mi ò bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò sì sọ. Borokiri nìkan ni mo gbọ́. Nítorí náà, bí a bá dé ibẹ̀, àna mi á sọ̀ mí kalẹ̀ létí omi, níwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jó irin, Dagogo lorúkọ rẹ̀. Èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi. Òun á fẹsẹ̀ rìn lọ. Tó bá padà dé, iyanrìn pupa máa ń wà létí bàtà rẹ̀. Mo máa ń wo iyanrìn yẹn dáadáa kí n tó gòkè. Ohun tí mo ń rí lára ọmọ mi láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀.

Alùpùpù náà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Dagogo ló bá a so táyà méjì sẹ́yìn, tó kan ìjókòó kan sáàárín wọn nítorí tèmi, torí kò sẹ́ni tó máa retí pé kí n ya ẹsẹ̀ gun nǹkan pẹ̀lú ìró. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo kọjú sí, bí obìnrin ṣe ń jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé mi, ọjà ló gbé mi lọ. Atẹ́gùn ká ìró mi dé orúnkún níwájú àwọn sójà tó ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n súfèé, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àna mi kò wẹ̀yìn. Etí rẹ̀ pọ́n. Kó tó di Ọjọ́ Àìkú, ó ti ní kí Dagogo fi páànù yí ìjókòó mi ká níwájú àti lọ́tùn-ún lósì, ó ga ju orí mi lọ, ẹ̀yìn mi nìkan ló ṣí sílẹ̀.

"Kí atẹ́gùn má bàa dà yín láàmú, Mà," ló wí.

Mo gbàdúrà fún un. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mo ń gbàdúrà iná sí.

Páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, abẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an ló gbà kọjá. Ẹni tó ń wa alùpùpù kò lè mọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i láyà, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Gbogbo ooru tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò, inú páànù mi ló ń rọ́ wọ̀, kò sì tètè ríbi jáde. Kí a tó kúrò ní Diobu, àdúgbò wa, mo ti ń làágùn. Kí a tó dé Borokiri, ojúgun mi ti ń ta bí ẹni pé ata wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó lé ròrò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bó. Àdí ni mo ń fi pa á lálaalẹ́. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ páànù tó dà bíi pé ibẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé, mo ká ìró kan, mo fi etí rẹ̀ dí ihò náà. Ó tún wá burú sí i. Àṣé ihò yẹn ni ooru abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbà jáde.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n ò sọ̀rọ̀. Yorùbá ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi gan-an ni mo máa ń fi òwe yẹn bá àwọn ẹlòmíràn wí. Ṣùgbọ́n kí ni kí n wí? Kí n ká ìró sókè fún àna mi, kí n ní wá wo ẹsẹ̀ mi? Mo sì mọ̀ ọ́n. Bó bá gbọ́ pé alùpùpù ń jó mi, kò ní gbé mi mọ́. Á ní kí n jókòó sílé kí n sinmi. Ìsinmi wo? Mo ti sinmi títí mo fi ń bú ìgbálẹ̀. Mo ní kí ẹsẹ̀ máa jó, kí n sáà máa rí iyanrìn.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a dé, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Kò wojú mi.

"Mà, ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ní wọ́ọ̀fù lè bá wa gba àyè fún yín."

Ọ̀rọ̀ kan tó mú bí abẹ dé ẹnu mi, mo gbé e mì. "Ó dáa, Àna," ni mo wí. Mo wọ yàrá, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní ó ti sú u. Kò sí ọmọ láàárín wa, kò sí ìyàwó, kí ló fẹ́ fi ìyá ìyàwó tó kù sílẹ̀ ṣe?

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jáde bí a ṣe ń ṣe. Àwọn sójà dá gbogbo ọkọ̀ dúró lọ́nà, ìlà náà gùn. Àna mi kò pa ẹ́ńjìnnì, torí ó máa ń ṣòroó ṣíná. A dúró, a dúró, atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Mo di páànù mú, ó jó mi lọ́wọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, kò síbi tí mo fẹ́ gbé e sí. Mo ń pe Rẹ̀mí nínú ikùn mi. Nígbà tí a fi dé ilé Dagogo, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ìró mi ti lẹ̀ mọ́ ojú egbò.

"Mà?" ni àna mi wí. Ó gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó. Ó bojú wo inú páànù, ó rí i pé etí ìró mi ti di dúdú. Ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Dagogo fi ọwọ́ kan ìjókòó náà, ó fà á padà kíá.

"Chai! Mama siddon for inside this thing?"

Àna mi gòkè sínú páànù fúnra rẹ̀. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ sápá kan bí ìyàwó tuntun, ó ní kí Dagogo wà á. Wọ́n lọ, wọ́n yí Borokiri ká, àwọn èèyàn ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn níwájú mi.

"Mà, ẹ ò sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mélòó! Ẹ ò sọ fún mi!"

"Tí mo bá sọ, o ò ní gbé mi wá mọ́."

Ó gbé orí sókè. "Mo rò pé ẹ̀ ń bínú sí mi ni. Tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ kì í wojú mi. Bàtà mi lẹ máa ń wò, ẹ ó sì fajú ro títí a ó fi délé. Mo ní ẹ ò lè dárí jì mí nítorí Rẹ̀mí, pé èmi ni mo gbé e wá sílùú yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ọkọ̀ ojú omi. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ, Mà. Tí ẹ bá lọ, ta ni màá máa kí káàárọ̀?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n máa ń wí. Páànù lèmi ń wò láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀nà iwájú lòun ń wò. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Àwa méjèèjì sunkún létí omi níbẹ̀, Dagogo ń wo apá ibòmíràn.

Nígbà tó yá, Dagogo ní ọ̀rọ̀ náà kò le. "Na breeze no get road. Make we comot the pan." Àna mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: Dagogo ní òun á tú páànù yẹn kúrò, òun á tẹ́ páànù méjì sábẹ́ ìjókòó, kí àlàfo wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, òun á sì yí ẹnu páìpù sẹ́yìn.

Àna mi fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Mà," ló wí, "kì í ṣe tìró nìkan ni mo ṣe fi páànù síbẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà wá, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ la ń gbà kọjá; ọ̀nà mìíràn la ń gbà padà sílé. Apá òsì ni. Tí n bá tú u, ẹ ó rí i."

Gbogbo Ọjọ́ Àìkú wọ̀nyí, mo ń kọjá lára ọmọ mi, páànù kan péré ló wà láàárín wa. Ṣé ẹ rí ọkùnrin náà? Ọ̀wọ̀ tó ní fún mi ló fẹ́ẹ̀ sè mí jinná.

"Tú u," mo wí. "Ní kó yí ìjókòó mi sápá ọ̀tún."

Ọkọ̀ ojú omi lọ láìsí èmi. Ó pẹ́ kí ojúgun mi tó jiná, Ibiere ń bá mi fọ̀ ọ́, mo sì ti mọ "no" kún yẹ́ẹ̀sì nínú èdè rẹ̀ báyìí. Ilé náà ṣì tóbi. Ìrọ̀lẹ́ ṣì máa ń gùn. Mo ṣì máa ń bú ìgbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú tí a kọ́kọ́ padà jáde, atẹ́gùn ń fẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo di ìró mi mú ṣinṣin. Apá ọ̀tún ni mo kọjú sí, mò ń wo àwọn ilé ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tó ṣe, àna mi dẹwọ́ ẹ́ńjìnnì, alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lọ. Mo mọ̀ pé a ti dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Mi ò wẹ̀yìn. Òbí kì í wò ó. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí ọmọ mi, ẹ̀yìn yìí náà ni mo sì fi pọ̀n ọ́n.

"Àna," mo wí, "rọra máa lọ."