Ta Ni Yóò Ka Lẹ́tà Yìí?

Ọ̀fíntótó ni wọ́n bí Àǹtí Ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Àwọn aránṣọ ibẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí ẹ̀rọ kan bá ti dún lódì báyìí, oúnjẹ ò ní wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́ títí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, oṣù méje gbáko ló fi jókòó sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tú fáànù tí kò bàjẹ́, tó sì ń tò ó padà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti gbé aago ògiri pamọ́. Ó tilẹ̀ ti bá a wá ibi tí yóò ti máa ta bọ́tìnnì.

Ní ọjọ́rú kan ló rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọsibítù ńlá, pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ilé ìfọṣọ. Kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà ojú ìwé kan tí yóò ṣáájú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kó sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gba òun, kó sì mú un wá kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀ délé.

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n. Ó gbé gíláàsì wọ̀, ó ní kí àbúrò òun lọ sinmi. Kò pé wákàtí kan tó fi pè é padà, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà tó ti bá a kọ.

“‘Èmi jẹ́ akíkanjú, olóòótọ́ àti aláápọn ènìyàn, tí ó ní ìmọ̀ kíkún nípa gbogbo ẹ̀rọ pátápátá...’”

“Búọ̀dá mi, ta lẹ ń sọ?”

“Ìwọ ni.”

“Gbogbo ẹ̀rọ kẹ̀? Èmi tí mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìfọṣọ ọsibítù rí láyé mi?”

“Ìyẹn lo wá fẹ́ sọ fún wọn? Orí ẹ pé ṣá? Gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ló ń pọ́n ara ẹ̀ lé.”

“Mo gbọ́ sà. Ta ló máa kà á?”

“Ọ̀gá ni.”

“Ọ̀gá wo? Kí ló ń dà á láàmú? Kí ló fẹ́ mọ̀ gan-an?”

Ẹ̀gbọ́n bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Gírámà ló kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún bá àwọn ọmọ iléèwé jà nítorí rẹ̀.

Àǹtí Ẹ̀rọ ò lè mú un mọ́ra. Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó gba ẹ̀yìn ọsibítù lọ, ó dúró síbi wáyà tó yí ilé ìfọṣọ ká. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló tò síbẹ̀, wọ́n ga ju èèyàn lọ, àwọn obìnrin sì ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bá a níbẹ̀.

“Màdáámú, ta lẹ ń wá?”

“Ẹ̀rọ ni.”

Ẹ̀ṣọ́ wò ó tìyanu-tìyanu, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ méjì àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀kẹta ni kò dákẹ́. Bó bá fẹ́ dúró, á kan gbà-gbà-gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì gbọ̀n. Ohun tó ya Àǹtí Ẹ̀rọ lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ̀rọ náà tó kan rárá ni gbogbo àwọn obìnrin náà ti ń sún sẹ́yìn, láìwo ẹ̀yìn, láìdá ọ̀rọ̀ wọn dúró. Kí ni wọ́n ń sá fún? Ó dúró títí ẹ̀rọ náà fi yí po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n sì sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó délé, ó mú bírò. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ìwé kékeré kan ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n bá tún ṣe, ohun mẹ́ta sì ni wọ́n ń kọ sí i: ohun tí mo rí, ohun tí mo ṣe, ohun tí mi ò ṣe. Ẹni tó bá fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ lófìfo, wọn á dá ẹ̀rọ náà padà fún un kó lọ tún un yẹ̀ wò, nítorí ìwé náà ni ẹni tó kàn yóò gbọ́kàn lé kó tó ki ọwọ́ bọ inú irin. Obìnrin yìí ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ nǹkan. Bó ṣe kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ náà nìyẹn.

*Mo rí i pé ẹ̀rọ yín kẹta máa ń kan gbà-gbà-gbà kó tó dúró, àwọn òṣìṣẹ́ yín sì ń sá fún un. Mo fi ọdún mẹ́rìnlá tún ẹ̀rọ ìránṣọ igba ó lé mẹ́wàá ṣe. Mo lè gbọ́ ìró, mo lè wá ìdí rẹ̀. N kò tíì ṣí ẹ̀rọ ìfọṣọ rí. Mo rò pé irin tó di ilẹ̀kùn ẹ̀kẹta mú ti yìnrìn, ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé ni mo ti wò ó, n kò lè búra.*

Ẹ̀gbọ́n kà á tán, ó fọwọ́ lérán. “Lẹ́tà ìwáṣẹ́ lo kọ yìí, àbí ìwé ẹ̀sùn?”

Lẹ́tà méjèèjì ló kó dání ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ mìíràn nítòsí. Bí wọn ò bá gbà á níbí, ìdí bọ́tìnnì ni yóò ti darúgbó. Ó kọ́kọ́ na ti ẹ̀gbọ́n síwájú akọ̀wé ọsibítù. Ó fà á padà, ó fún un ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá àwọn ẹlẹ́rọ jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ épírọ́ọ̀nù rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà tó ń bú ẹ̀rọ wa?” ni ọ̀gá wí.

Àǹtí Ẹ̀rọ ń wá bí yóò ṣe bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ìyá náà dá sí i.

“Èmi ni mo ka lẹ́tà yín, kì í ṣe òun. Èmi ni mo ń darí ilé ìfọṣọ, èmi ni mo sì ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ fún mi.” Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó sì ti hunjọ, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. “Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kẹta yẹn ló já ṣí, omi gbígbóná dà lé mi. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ẹlẹ́rọ sọ fún mi pé òun ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Mo gbà á gbọ́.”

Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ padà.

“Lẹ́tà mọ́kànlélógójì ni mo kà, ọmọ mi. Ogójì ló mọ gbogbo ẹ̀rọ. Ìwọ nìkan lo sọ ohun tó ò mọ̀.”

Omi lé sójú Àǹtí Ẹ̀rọ. Ọ̀gá fa ìwé ìgbanisíṣẹ́ kan yọ, ó ń wá bírò, ó fẹ́ máa ka òfin ibi iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ìyá náà ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Ìyẹn á dúró. Àwọn ọmọ mi wà níwájú ẹ̀rọ yẹn báyìí. Wá bá mi pa á ná, kí o yẹ ilẹ̀kùn ẹ̀ wò.”

Obìnrin tó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ láti ọjọ́rú kò rí nǹkan kan béèrè mọ́. Ó dìde, ó sáré tẹ̀lé e.