Koríko Inú Òkun Bàbá Débọ́lá

Lọ́dún 2005, Elkanah Oyèwùmí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé tó ti ń ṣe ní Àpápá fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Òyìnbó Gíríìkì tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ náà ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀, ó sì bi í pé kí ni òun lè fún un nínú ẹrù òun. Ẹlòmíì ì bá mú fíríìjì. Elkanah nawọ́ sí àpótí dígí kan báyìí tí ẹja òkun mẹ́ta ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀: méjì pupa bí ọsàn tó pọ́n, tí wọ́n ní ìlà funfun lára, ẹyọ kan dúdú kirikiri.

Bí òkun ṣe dé Ìkòsí nìyẹn, sínú pálọ̀ fúláàtì oníyàrá méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí Dorothy ìyàwó rẹ̀ fi ń rán kọ́tìnì tà.

"Daddy," ni Dorothy wí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, "ṣé ọ̀gá yín ò ní àga ni?"

"Ta ló máa ń wá wo àga?" ni Elkanah fèsì.

Lóòótọ́, àwọn èèyàn wá wò ó. Ará ìjọ wá, àwọn oníbàárà kọ́tìnì wá, Débọ́lá ọmọ wọn náà kó ará ilé ọkọ rẹ̀ wá láti Gbàgádà. Elkanah á dúró ti dígí, á máa ṣàlàyé. Omi òkun gidi ni o. Etí òkun ní Victoria Island lòun ti ń lọ bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì. Tí omi bá fà, pure water lòun ń já sí i, torí omi borehole àdúgbò pupa jù fún ẹja òun. Omi borehole yìí kan náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ń wẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, nǹkan aláwọ̀ ewé kan yọ lára dígí náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tó máa ń wà lára àmù. Elkanah fi aṣọ nù ún. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti hu irun. Ó bo òkúta, ó bo yanrìn, ó lọ́ mọ́ ọ̀pá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Àwọn àlejò ò rí ẹja mọ́. Wọ́n á tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n á wá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Daddy, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ ń gbìn síbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Mojeed, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó ní cyber café ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wọn. Mojeed wá ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń sin ẹja òkun ti máa ń bára wọn sọ̀rọ̀, ó sì bá Elkanah kọ ẹjọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìdáhùn ti wà nílẹ̀.

"Wọ́n ní koríko omi ni, Daddy. Wọ́n ní wákàtí mélòó ni iná orí àpótí yẹn ń tàn lójúmọ́?"

Elkanah ronú díẹ̀. "Sọ fún wọn pé ọwọ́ NEPA ló wà."

Mojeed tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fèsì. "Wọ́n ń béèrè ẹni tó ń jẹ́ NEPA, pé ṣé òun ló ń bá yín tọ́jú ẹja náà ni."

"Sọ fún wọn pé kò tọ́jú nǹkan kan."

Mojeed rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún kà síwájú. "Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún ẹja lóúnjẹ? Wọ́n ní oúnjẹ tí ẹja ò bá jẹ tán ló ń jẹrà sínú omi, òun gan-an ni koríko fi ń sanra."

Elkanah wo fáànù. Ó wo àwòrán tó wà lára ògiri. "Ẹ̀ẹ̀kan," ló wí. "Ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú."

Irọ́ gidi nìyẹn, ó sì pa á fún àwọn èèyàn tí kò rí rí, tí wọn ò lè bá a dé ilé láéláé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní kó pa iná àpótí náà, kó sì fi nǹkan bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Dorothy gé aṣọ kọ́tìnì dúdú kan fún un. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ṣí i, koríko ti rọ, inú Elkanah dùn, ó lọ ra mínírà fún Mojeed. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, koríko ti padà, ó tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Dorothy wí. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí Elkanah lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwọn bàbá ìjọ, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bu omi òkun sínú ọpọ́n, ó ń gbé àwọn òkúta inú dígí síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun fọ koríko ara wọn. Nígbà tó gbé òkúta ńlá tó wà lẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan. Ó fà á jáde. Egungun ẹ̀yìn ẹja ni, odindi, ó gùn ju ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tò pọ̀ lọ. Lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kan rọ̀ múrúmúrú, òórùn rẹ̀ kò dáa. Dorothy mọ nǹkan náà. Òun ló sè é. Mọ́ínmọ́ín ni.

Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó.

Ó ṣe kedere sí i wàyí. Láti ìgbà tí dókítà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Elkanah, tó ní kó má jẹ iyọ̀, kó má jẹ òróró, mọ́ínmọ́ín aláìníyọ̀ àti pánlá sísè ni Dorothy ń gbé fún un lálaalẹ́. Elkanah á ní, "Gbé e sí pálọ̀, Ìyá Débọ́lá, mo fẹ́ máa wo ẹja mi bí mo ṣe ń jẹun." Abọ́ á sì padà sí kíṣíìnì ní òfìfo. Dorothy ti yin ọkọ rẹ̀ fún dókítà títí.

Nígbà tí Elkanah dé, abọ́ onídèérí kan ń dúró dè é lórí tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀, Daddy. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹun."

Elkanah ṣí i. Ó tún un dé.

"Nínú ẹja yín," ni Dorothy béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "èwo ló ṣaláìsí?"

"Kò sí èyí tó kú."

"Egungun ta wá nìyí?"

Ohùn Elkanah ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ lọ. "Pánlá ni."

"Ẹ ti wá ń sin pánlá, ẹ ò sọ fún wa."

"Ìyá Débọ́lá, oúnjẹ yẹn ò dùn. Mo rò ó pé inú omi iyọ̀ làwọn ẹja wà, wọ́n á lè fara dà á."

Dorothy fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń bọ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tó padà kojú sí i, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mo mọ̀ pé kò dùn. Oúnjẹ yẹn ni mò ń jẹ ní kíṣíìnì. Ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀ lèmi náà ti gbé iyọ̀ sílẹ̀. Mo ní kí ẹ má dá nìkan jìyà."

Elkanah ò lè wò ó lójú. Oṣù mẹ́rin gbáko ni obìnrin yìí ti ń jẹ ohun tí òun ń kó fún ẹja. Ó dìde, ó lọ mú abọ́ Dorothy àti tirẹ̀ ní kíṣíìnì, ó gbé wọn wá sí pálọ̀, ó sì fa àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. "Jọ̀ọ́, máà bínú," ló wí. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Dorothy ní kó la ẹnu kí òun wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, Elkanah lọ sọ òtítọ́ fún Mojeed, Mojeed sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò bú u. Wọ́n ní kó máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó tan iná orí rẹ̀ fún wákàtí márùn-ún péré, kó fún ẹja lóúnjẹ díẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì, kó sì wá ìgbín omi tó ń jẹ koríko.

Ti ìgbín omi yìí, Dorothy ló rí i ṣe. Ó lọ sí Mile 12, ó ra ìṣáwùrú tó ṣì ń rìn, kọ́ńgò kan. Ó ka méjìlá sínú ike, ó ń kán omi òkun sí wọn lára díẹ̀díẹ̀ títí ara wọn fi mọ́ ọn, kó tó kó wọn sínú dígí. Ìyókù, ó fi ata rodo àti ewé efinrin sè é, òun àti ọkọ rẹ̀ sì jẹ ẹ́ láìní iyọ̀ nínú. Elkanah ní ti ọjọ́ yẹn dùn. Dorothy ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni.

Mẹ́ta kú nínú ìṣáwùrú náà, ó yọ wọ́n kíá. Mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́. Kò yá rárá; ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni koríko náà fi ń fà sẹ́yìn, ó kọ́kọ́ kúrò lórí yanrìn, ó wá kúrò lára òkúta. Dókítà náà wọn ẹ̀jẹ̀ Elkanah, ó ní ó ti ń wálẹ̀, Dorothy sì wo ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yìn àpótí náà nìkan ni koríko ṣì wà nígbà tó yá. Elkanah mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ ha á.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Dorothy wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ kí àwọn ìṣáwùrú jẹ lálẹ́ òní, mọ́ínmọ́ín?"